Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ń tán lọ ládùúgbò wa n'Íbàdàn: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Akọ̀wé Bẹẹrẹ

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò kan láàrin Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba. Mi ò ní dárúkọ òpópónà wa, torí àwọn ajẹ́ńtì náà ń ka ibí yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, katapílà dé sẹ́nu ọ̀nà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ilé ti di òkìtì amọ̀. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Òpó mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀, ọnà òdòdó wà lórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, pákó ìrókò ni wọ́n fi tẹ́ òkè. Kí ògiri tó wó tán ni àwọn tó ń ra pákó ti ń ná ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Plásà ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Mo ka irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́, mọ́kànlá ni. Méjì wà níbẹ̀ tí àwọn ajẹ́ńtì ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde. A pe ìpàdé, ariwo la pa, a ò fẹnu kò síbi kankan. Àwọn kan ní ká lọ bá ìjọba, àwọn kan ní ohun ẹlẹ́bí ò kan ẹgbẹ́. Àdúgbò tó bá ti bá irú èyí jà rí, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí débi pé mi ò kì í fẹ́ gba iwájú ibẹ̀ kọjá mọ́.

Lọ́yà Agodi

Akọ̀wé, ẹ kú àrafẹ́rakù ilé yẹn. Amòfin ni mí, ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó tà á. Ilé tí bàbá ńlá kọ́, tó sì kú láìpín in fún ẹnì kankan, ilé ẹbí ni. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà yẹn látilẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi tó àwọn àgbà ìdí-igi (ẹ̀ka ẹbí kọ̀ọ̀kan) létí, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e, bí àwọn tí wọn ò bi bá tètè pariwo. Ẹ fi "tètè" yẹn sọ́kàn. Ẹni tó bá wò títí olùrà fi kọ́lé dé òrùlé, adájọ́ á bi í pé níbo ló wà láti ọjọ́ yìí. Ẹ rántí pé ọmọ ẹbí ló lè pe ẹjọ́ yìí, ẹgbẹ́ onílé ò lè pè é. Iṣẹ́ tiyín ni pé kí ìròyìn tètè dé etí ọmọ ẹbí tó wà l'Ékòó tàbí lókè òkun kí katapílà tó dé.

Ní ti ìjọba, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń kọ̀wé lọ sí Àbújá, ìwé náà á kàn sùn síbẹ̀ ni. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 2003, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àṣẹ ilé kíkọ́ wà. Ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Agodi níbí ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ìlànà ìlú, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ béèrè pé kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn yín, fún kíkọ́ àti fún wíwó. Òfin ìlànà ìlú ti 1992 ka wíwó ilé mọ́ ohun tó ń gba àṣẹ. Ọ̀pọ̀ katapílà tó ń dé ní Sátidé ni kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan ọjọ́ tí ọ́fíìsì ò ṣí.

Ṣé ẹgbẹ́ yín ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀? Bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ ò lè fi orúkọ ara rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Àrẹ̀mọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹ má bínú. Mo wà lára àwọn tí ẹ ń bá wí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé bàbá bàbá wa, ó rẹwà lójú ẹni tó ń kọjá. Inú rẹ̀ ni ìyá mi ń sùn. Bí òjò bá ti ṣú, abọ́ mẹ́rin la máa ń tò sí yàrá wọn, a ti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń jókòó. Àwa ọmọ-ọmọ tó ní ẹ̀tọ́ nílé yẹn lé ní ogójì. Nígbà tí àjà ẹ̀yìn já, ẹni méjì péré ló fi owó ránṣẹ́. Ẹni tó ní òun fẹ́ rà á ti ṣe tán láti san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ ní ká má tà á. Ta ló máa bá wa pààrọ̀ páànù? Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ò wọlé wá bi wá pé báwo ni, àfi ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé ajẹ́ńtì wá. Mi ò kórìíra ilé náà. Ojú oórì bàbá wa wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tá à ń gbà wọlé, mo sì mọ ohun tí katapílà máa gbé níbẹ̀. Àmọ́ ìyá mi ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, òtútù ń mú wọn.

Akọ̀wé Bẹẹrẹ

Àrẹ̀mọ, mo gba ọ̀rọ̀ yín, ó wọ̀ mí lára. Ká sòótọ́, ilé tí wọ́n wó ládùúgbò wa yẹn, owó ọdẹ nìkan là ń lọ gbà níbẹ̀ lóṣooṣù. Ẹnì kankan nínú wa ò gòkè lọ wo bí òrùlé wọn ṣe rí. Ẹ bá wa kí màmá.

Ọ̀gá Bíríkìlà

Àrẹ̀mọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Bàbá mi ló fi iṣẹ́ ilé amọ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe é. Ilé tó ń jò ò tíì kú. Ògiri amọ̀ tó nípọn bẹ́ẹ̀ yẹn á pẹ́ ju gbogbo wa lọ bí òrùlé bá bò ó tí omi ò sì dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi ló ń pa á, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Òrùlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ má kun ọ̀dà, ẹ má fọwọ́ kan ògiri iwájú, ẹ gòkè lọ ná. Ẹ mú ọ̀bẹ dání, kẹ́ ẹ fi gún igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti wọlé wẹ́rẹ́, ikán tàbí omi ti jẹ ibẹ̀, òun nìkan lẹ máa yọ. Ẹ má gbà kí káfíńtà tú gbogbo páànù dànù bó bá jẹ́ ojú ìṣó ló ń jò. Páànù àtijọ́ nípọn ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà báyìí lọ. Kí ẹnu òrùlé yọ síta dáadáa kí òjò má bàa máa na ògiri.

Lẹ́yìn òrùlé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá wo ẹsẹ̀ ògiri. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún títì ṣe ládùúgbò, ojú ọ̀nà máa ń ga sí i, ilé àtijọ́ á wá dà bí ẹni tó wà nínú kòtò, gọ́tà á máa tú omi sí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ onílé gan-an nìyí, torí ẹbí kan ò lè dá gọ́tà òpópónà ṣe. Ẹ yí omi yẹn gbà síbòmíràn, ilé márùn-ún lè torí ẹ̀ dúró.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni sìmẹ́ǹtì. Amọ̀ máa ń fa omi díẹ̀, á sì tún tú u jáde bí oòrùn bá ràn. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ẹ, ẹ ti dí i lẹ́nu. Omi tó bá wọ inú á há síbẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ojú ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo igi, á sì máa fa amọ̀ dání bó ṣe ń já. Àwọn èèyàn á wá ní ilé ti gbó. Ilé ò gbó, iṣẹ́ tí a ṣe sí i lára ló ba á jẹ́. Amọ̀ ni ká fi tún amọ̀ ṣe. Ẹ sẹ́ amọ̀ pupa, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ gé koríko gbígbẹ sí i, ẹ fẹsẹ̀ pò ó títí á fi kúnná. Ẹ wọ́n omi sí ojú ògiri kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa rẹ́ ẹ, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó gbé èkejì lé e.

Ọnà tó wà lórí fèrèsé àti lára òpó, iṣẹ́ tó ti ọwọ́ àwọn Àgùdà l'Ékòó, àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé, tàn dé ọ̀dọ̀ wa ni. Bí ó bá ti ń sán, kí ó tó jábọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ sì gé pákó pẹlẹbẹ kan kó bá etí rẹ̀ mu. Pákó yẹn ni bíríkìlà á fi fa òmíràn tó bá jọ ọ́. Bí ẹ bá dúró dìgbà tó bá já, a ò ní mọ bó ṣe rí mọ́.

Ó ku ọ̀kan. Ẹ má gbé tánkì omi àti ilé ìwẹ̀ lọ sórí àjà pákó. Mo ti rí ilé mẹ́ta tó jẹ́ pé omi ìwẹ̀ òkè ló jẹ ògiri ìsàlẹ̀ wọn.

Ìyá Aláṣọ

Ẹ kú ìjíròrò o. Ayálégbé ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lápá Ọjà'ba, ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sẹ́ni tó máa ń pè wá sí ìpàdé onílé, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá wó ilé, àwa ló kọ́kọ́ ń sunkún. Lára wa ni ẹlẹ́lùbọ́, aránṣọ, ẹni tó ń tún wáàṣì ṣe. Owó ṣọ́ọ̀bù kan nínú plásà, mẹ́ta wa ò lè dá a.

Ohun tí a ṣe rèé. Nígbà tí ilé tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í jò, tí àwọn ọmọ ẹbí sì ń sọ̀rọ̀ títà, àwa ayálégbé mẹ́fà lọ bá bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí. A ní a máa san owó ọdún méjì ṣíwájú, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé páànù àti igi ni wọ́n máa fi owó náà rà, kí ọ̀kan nínú wa sì bá wọn lọ sí ọjà. Wọ́n gbà. Ilé náà kò jò mọ́, wọ́n sì ti tún yàrá iwájú kan ṣe, wọ́n ti fi rẹ́ńtì fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí owó ti ń wọlé, n ò gbọ́ títà lẹ́nu wọn mọ́.

Akọ̀wé, ẹ pe àwọn ayálégbé sípàdé yín. Àwa là ń sùn tì í, àwa là ń jí rí i. Àwa la máa kọ́kọ́ mọ̀ bí sọ̀fíyọ̀ bá wá wọn ilẹ̀.

Àrẹ̀mọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ìyá Aláṣọ, ẹ ṣé gan-an. Mi ò ronú kàn án rí. Yàrá mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀ ilé wa tó kọjú sí títì, ẹrù àtijọ́ ló kún inú wọn. Ìbéèrè kan: ṣé ẹ ní láti lu ògiri iwájú kẹ́ ẹ tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù?

Ìyá Aláṣọ

Rárá o. Ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀ náà là ń lò. Mo máa ń ṣí fèrèsé, máa sì fi aṣọ kọ́ ọ. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fẹ́ lu ògiri kó fi gééètì onírin sí i, olórí ẹbí ní rárá, pé òkè máa tẹ̀.

Bódìjà Àtijọ́

Ìṣòro tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Láti 1959 ni wọ́n ti ń kọ́ Bódìjà, nígbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ilé gbígbé ni wọ́n ṣe é fún. Ilé onígbàgede, igi máńgòrò, òpópónà tí ọmọdé lè gun kẹ̀kẹ́. Ohun tó ń jẹ wá ni pé ilé kan á di gbọ̀ngán ayẹyẹ, èkejì á di ọ́fíìsì, wọ́n á gé igi, wọ́n á fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá. Òjò kékeré, títì á kún.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹgbẹ́ wa ni pé ìwé la fi ń jà. Àwọn tó gba ilé lọ́wọ́ ìjọba láyé ọjọ́un gbà á pẹ̀lú àdéhùn tó sọ ohun tí wọ́n lè fi ilẹ̀ náà ṣe. A lọ láti ilé dé ilé, a bẹ àwọn àgbà, wọ́n wá àdéhùn yẹn jáde nínú àpótí, a ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ilé padà, a kì í bá a jà, a máa ń gbé àdéhùn náà fún un kà. Púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé ó wà.

Ohun kejì: kí ẹgbẹ́ mọ ẹni tó ń gbé ilé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìbúgbàù ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024 tó ba àwọn ilé wa jẹ́, tó sì gba ẹ̀mí, kò sẹ́ni tó tún ní láti ṣàlàyé èyí fún wa. Nǹkan abúgbàù ni wọ́n kó pa mọ́ sínú ilé láàrin wa. Ilé tí ẹgbẹ́ kì í dé, ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mo rí i pé ohun tí Àrẹ̀mọ sọ lókè yẹn náà nìyẹn.

Olùkọ́ Kúdẹtì

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àkọsílẹ̀, torí òun la máa ń gbójú fò. Lápá ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ọmọdé ló mọ̀ pé David Hinderer, òyìnbó oníwàásù, àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853, torí ìjọ ń sọ ìtàn náà. Gbọ̀ngán Màpó náà ní déètì, 1929. Ilé gogoro Bower lórí Òkè Aàrẹ, 1936. Ilé Cocoa ní Dùgbẹ̀, 1965. Ta ló mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Ilé tí kò ní ìtàn lórí ìwé, ajẹ́ńtì á ní ilé amọ̀ lásán ni.

Ẹ mú fóònù, ẹ ya ilé mọ́kànlá yẹn ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jókòó ti àwọn màmá àti bàbá tó dàgbà jù, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀: ta ló kọ́ ọ, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ọ̀dọ̀ ta ni bíríkìlà ti wá, ta ni wọ́n sin síbẹ̀, irú oríkì wo ni wọ́n ń kì ní agboolé náà. Ẹ lè lọ sí ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé ìjọba òyìnbó lórí ìlú yìí pọ̀ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ yíya àwòrán ilé ní Pólì Ìbàdàn máa ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka wọn kí wọ́n wá wọn ilé, kí wọ́n yà á sórí ìwé.

Àmọ́ kí ẹ má gbọ́kàn lé orúkọ nìkan. Ilé Ìlọ́jọ̀ tó wà ní gbàgede Tinúubú l'Ékòó, iṣẹ́ àwọn Àgùdà ni, 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, wọ́n wó o lulẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ibi tó ti yọrí sí rere ni ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta, níbi tí Legacy 1995, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ti tún ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Jaekel ṣe, tó ti di ilé ìkóǹkan-ìtàn-sí. Ilé tí èèyàn ń wọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn nínú rẹ̀ lálẹ́, ó ṣòro láti wó.

Lọ́yà Agodi

Òótọ́ ni Olùkọ́ sọ. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 wà, èèyàn lè kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n kéde ilé kan, ẹ sì ṣe é fún èyí tó bá lókìkí jù nínú mọ́kànlá yẹn. Àmọ́ kò ní yá. Ohun tó lè yá ni àdéhùn láàrin ẹbí fúnra wọn: kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni ò ní tà láìpe gbogbo wọn jọ, kí wọ́n sì fún àwọn ará ilé láǹfààní láti kọ́kọ́ rà á. Ẹ fi ẹ̀dà kan pa mọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà", orí pákó ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kẹ́ ẹ fi kọ́. Ẹ má kọ ọ́ sára ọnà ògiri.

Akọ̀wé Bẹẹrẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé méjì tí àwọn ajẹ́ńtì ti ń wọ̀. Èmi, alága, àti ayálégbé méjì la lọ, a mú obì dání. A ò sọ̀rọ̀ títà rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A bi wọ́n pé níbo ló ń jò. Bàbá àgbà ilé kìíní mú wa gòkè fúnra wọn, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ hàn wá, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n àwọn ti kú, kò sẹ́ni tó tíì bá àwọn gun àtẹ̀gùn yẹn. Mọ́gàjí wọn, ìyẹn olórí agboolé, ti pe àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé pé kò sí títà títí di lẹ́yìn Iléyá, kí àwọn rí ohun tí ẹgbẹ́ máa ṣe. Ayálégbé mẹ́rin ti gbà láti san owó ọdún kan ṣíwájú.

Ilé kejì ò tíì gbà. Àwọn ọmọ méjì níbẹ̀ ti gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ olùrà, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wà ní Iléṣà ò sì mọ̀ títí a fi pè wọ́n. Wọ́n ti wọkọ̀ bọ̀. Lọ́yà, màá fún yín ní nọ́ńbà wọn bí wọ́n bá gbà.

Gọ́tà ni ẹgbẹ́ máa fi owó àkọ́kọ́ ṣe, láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn bàbá àgbà dé ibi tí omi ti ń bọ́ sódò. Ọ̀gá Bíríkìlà, òrùlé ilé kìíní gùn ní ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́ta, ó fẹ̀ ní ogójì, a ti fi ọ̀bẹ gún igi rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, mẹ́sàn-án ló ti jẹrà. Ṣé ẹ lè wá wò ó kí òjò tó le? Ọjọ́ Sátidé yìí, àwa náà máa wà níbẹ̀ láti àárọ̀.

Ọ̀gá Bíríkìlà

Màá dé kí oòrùn tó mú. Ẹ ti máa rẹ amọ̀ sílẹ̀.